Akẹ́kọ̀ọ́ Tó Ń Kẹ́rù Lọ sí Kíláàsì

Ọmọbìnrin kan wọ yunifásítì, kò pẹ́ tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Ìgbín, torí bó bá fà, ìkarahun rẹ̀ a tẹ̀ lé e. Bó bá ń lọ sí kíláàsì, ìkòkò á wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ìrọ̀rí á wà lábẹ́ apá òsì, àpò aṣọ á sì wà lẹ́yìn bí ọmọ tí a pọ̀n. Ẹrù ló ń ṣọ́, kò ráyè wo pátákó. Bí olùkọ́ bá bi í ní nǹkan, á máa wò ó tìfura-tìfura.

Lọ́jọ́ kan, ọmọrí ìkòkò já bọ́. Ó yí gbirigbiri sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn kíláàsì, ó lọ dùbúlẹ̀ síwájú olùkọ́.

Olùkọ́ ní, "Ẹ kú ìdáná o! Kí la fẹ́ jẹ lónìí?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ìgbín gbá ẹrù mọ́ra, ó jáde, kò sì padà sí kíláàsì olùkọ́ yẹn mọ́ lọ́dún náà.

Òun àti aránṣọ kan tó ń fi iṣẹ́ mọ́ ìwé kíkà ni wọ́n jọ ń gbé yàrá kan. Ó bi í pé, "Àbúrò mi, ta ló fẹ́ jí ìkòkò tó dúdú tó báyìí?"

Ìgbín rẹ́rìn-ín, ẹkún sì gbẹ̀yìn ẹ̀rín náà. Ó ní òun wà níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí onílé kó ẹrù àwọn dà síta. Ìgbà tí òun máa fi dé, orí bẹ́ẹ̀dì ni ìyá òun jókòó sí nínú òjò.

"Àǹtí, láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá jáde nílé, ọkàn mi kì í balẹ̀."

Aránṣọ kò wàásù. Ó bọ́ kọ́kọ́rọ́ yàrá lọ́rùn ara rẹ̀, ó fi kọ́ Ìgbín lọ́rùn. "Ẹyọ kan tá a ní nìyẹn. Èmi ni kí n máa kanlẹ̀kùn."

Nígbà tílẹ̀ mọ́, Ìgbín fi ìkòkò sílé lọ sí kíláàsì mìíràn, àmọ́ ó sáré padà wá yọjú wò ó. Nígbà tó yá, ìrọ̀rí náà bẹ̀rẹ̀ sí í dúró sílé. Ọwọ́ wá dilẹ̀. Bí olùkọ́ ibẹ̀ ṣe béèrè ìdí tí iná kì í fi í gbé ẹyẹ tó bà lórí wáyà, ọwọ́ náà lọ sókè. Ó dáhùn, ó béèrè tirẹ̀, ó tún jiyàn, títí kíláàsì fi túká.

Ìgbà tó délé, aránṣọ ló bá lẹ́nu ọ̀nà, tòun ti aṣọ ìnura, ọṣẹ ti gbẹ sí i létí.

"Balùwẹ̀ ni mo lọ o, tó o tilẹ̀kùn mọ́ mi síta!"

Ìgbín kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. "Ẹ má bínú, Àǹtí. Ẹyẹ ló dá mi dúró."

"Ẹyẹ wo?"

"Èyí tó bà lórí wáyà ni. Ẹ wò ó, ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì—"

"Ṣílẹ̀kùn ná!"

Ẹ̀kọ́ tó sá fún tẹ́lẹ̀ gbé e lulẹ̀ nínú ìdánwò, ó sì tún un ṣe lọ́dún kejì. Lọ́tẹ̀ yìí, olùkọ́ tó kí i kú ìdáná ló ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ káwọn yòókù náà sọ̀rọ̀.