Ọmọ Tó Ń Wo Ẹnu Mi

Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni mí nígbà tí ọmọbìnrin kan tí kò ju àbígbẹ̀yìn mi lọ sọ fún mi pé n kò mọ bí wọ́n ṣe ń di ṣọ́ọ̀kì mú. Inú gbọ̀ngàn kékeré kan ní Àjàó Estate ni, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ wa bí a ṣe máa di olùkọ́ ọ̀fẹ́ ní àwọn abúlé. Bí ọkọ̀ òfuurufú bá ń kọjá lórí òrùlé, àǹtí olùdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí á dákẹ́, á gbé ọwọ́ sókè, gbogbo wa á sì dúró bí ẹni tó ń gbàdúrà títí ariwo náà á fi lọ. Èmi tí mo fi ọdún márùndínlógójì ṣe iṣẹ́ ìjọba, tí àwọn akọ̀wé ń dìde fún! Mo gbé e mì.

Ìdí tí mo fi gbé e mì ni pé mo fẹ́ lọ sí abúlé náà gan-an. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, mo máa ń wẹ̀ láàárọ̀, mo máa ń wọ aṣọ tó dára, mo sì máa ń jókòó síwájú ilé wa ní Ìsọlọ̀ láìsí ẹni tó fẹ́ bi mí ní nǹkan kan. Ó ń dùn mí. Mo wá gbọ́ pé abúlé kan wà lápá Ẹ̀pẹ́ tí wọn kò ní tíṣà, mo ní èmi rèé.

Àdéhùn wọn kò lọ́jú pọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n máa fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ní ọmọ kan tí kò tíì mọ ìwé kà, ní ilé ẹ̀kọ́ kan lẹ́yìn Bọ́ládé. Ọ̀sẹ̀ méjì la ní. Ní ọjọ́ Ẹtì tó kẹ́yìn, ọmọ náà máa ka ojú ìwé kan sókè lójú gbogbo wa. Bí ó bá kà á, olùkọ́ rẹ̀ máa bá ọkọ̀ lọ sí abúlé lọ́jọ́ Ajé. Bí kò bá kà á, ó di ìgbà mìíràn.

Ọmọbìnrin ọdún mẹ́sàn-án kan ni wọ́n fún mi. Bàbá rẹ̀ ń lẹ táyà fún àwọn ọlọ́kọ̀ ní Apakun. Mo ti múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀ dáadáa, àmọ́ bí mo ṣe la ẹnu báyìí, ọmọ yìí tẹjú mọ́ mi. Kò wo ìwé, kò wo ọwọ́ mi, ẹnu mi gan-an ló ń wò, kò sì ṣẹ́jú. Ní ilé tí wọ́n ti tọ́ mi ní Èkìtì, bí àgbà bá ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀, ilẹ̀ ni ọmọdé máa ń wò. Bí mo ṣe tọ́ àwọn ọmọ tèmi náà nìyẹn. Mo gbé ọwọ́ lé e lórí, mo tẹ orí náà wálẹ̀ díẹ̀.

“Ṣé ẹgbẹ́ ẹ ni mí, tó ò ń wò mí lẹ́nu bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n? Wo ilẹ̀ jàre!”

Ó wo ilẹ̀. Mo tún orí náà tẹ̀ wálẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, kò gbójú sókè mọ́. Inú mi dùn. Mo ní ẹ wò ó, ìwà ni ká kọ́kọ́ fi lélẹ̀, ìwé á tẹ̀lé e.

Ìwé kò tẹ̀lé e. Bí mo bá ní kó pe lẹ́tà àkọ́kọ́, á dákẹ́. Bí mo bá ní kó ṣí ìwé, á jókòó bẹ́ẹ̀, ojú nílẹ̀, ọwọ́ lórí itan. Mo pariwo. Mo lu tábìlì. Bí mo bá lu tábìlì, á ta gìrì, á sì tún wo ilẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ karùn-ún, mo kọ “ọ̀lẹ” sínú ìwé àkọsílẹ̀ mi, mo sì fa ìlà sí i nídìí. Àwọn ọmọ tí wọ́n fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti ń ka gbólóhùn, ẹ̀rù sì ti ń bà mí.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, àǹtí wa wá jókòó tì wá, ó wò wá fún ìgbà díẹ̀.

“Dádì, ẹ má bínú o. Ṣé ó dá yín lójú pé ọmọ yìí ń gbọ́ yín?”

“Ohùn mi kò lọ sókè tó ni? Àgídí ló ń ṣe é.” Mo ní kó jẹ́ kí n ṣe iṣẹ́ mi. Ó dìde, ó sì lọ.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, tó ku ọjọ́ kan péré, ìyá ọmọ náà wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì. Kò tíì sọ nǹkan kan tó ti kúnlẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò wá bá yín jà o. Ó ní ẹ ní kóun má wo yín mọ́. Ẹnu èèyàn ló máa ń wò kó tó mọ ohun tí wọ́n ń sọ, sà. Àtìgbà tí èéyí ti mú un ni etí ẹ̀ ti di, díẹ̀ báyìí ló ń gbọ́. Tíṣà ẹ̀ mọ̀, òun ló kọ́ ọ ní ìlà kan méjì tó ti lè kà. A rò pé wọ́n ti sọ fún yín ni.”

Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Àmọ́ kí ni mo fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ti sọ fún mi láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ojú rẹ̀ ló fi sọ ọ́. Mo ní kí ìyá náà dìde, n kò lè wò ó. Ojú tì mí débi pé ẹsẹ̀ ni mo fi rìn láti Bọ́ládé dé Ìsọlọ̀. Nígbà tí mo délé, mo fi bírò pa “ọ̀lẹ” yẹn rẹ́ títí ìwé fi lu.

Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n to ìjókòó yí kíláàsì ká. Nígbà tó kàn wá, mo ṣí ìwé síwájú rẹ̀, mo ní kó wò mí. Ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. Mo fi ìka gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè. Bí mo ṣe fi í sílẹ̀, ó tún wo ilẹ̀. Ọmọ rere ni, ohun tí mo kọ́ ọ ló ń ṣe. Mo tún pè é, àmọ́ kí ni ìpè fẹ́ ṣe fún ẹni tí kò rí ẹnu mi? Àǹtí wa wo aago. Mo mọ̀ pé ìṣẹ́jú tó kù kò lè tó ojú ìwé kan mọ́, ọkọ̀ ọjọ́ Ajé á lọ láìsí mi. Ó yà mí lẹ́nu pé kì í ṣe ìyẹn ló ń dùn mí.

Mo kúnlẹ̀, kò tó. Mo bá dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì pẹ̀lú aṣọ funfun mi, mo sì yí ojú sókè títí ojú mi fi bọ́ sábẹ́ ojú rẹ̀. Ẹnì kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kígbe pé, “Hà! Bàbá!”

“Má bínú,” mo wí fún ọmọ náà. “Èmi ni mo ṣe àṣìṣe. Máa wò mí.”

Ó wò mí, ó pẹ́. Èmi náà tẹjú mọ́ ẹnu rẹ̀, mò ń dúró de ohun tó máa sọ.

“Ṣé etí tiyín náà ti di ni, sà?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ti pẹ́ díẹ̀. Ó mi orí bí ẹni tó mọ bó ṣe máa ń rí. Ó gbé ìwé náà sílẹ̀ láàárín wa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìlà àkọ́kọ́ fún mi, ó ń la ẹnu gbàgà lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kí n lè rí i dáadáa.