Rélùwéè Gba Àyà Ògúnjìnmí Kọjá

Gbogbo Osi ló mọ ọjọ́ tí rélùwéè gba àyà olóògbé Bàbá Ògúnjìnmí kọjá tí kò sì ṣe é ní nǹkan kan. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ni. Àwọn ọmọ ìlú tó wá láti Èkó gbé ẹ̀rọ sinimá wá, wọ́n ta aṣọ funfun sára ògiri gbọ̀ngàn, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ayé àtijọ́ han àwọn èwe. Sinimá náà kò ní ohùn, kò ní àwọ̀, kò sì sẹ́ni tó kọ orúkọ ìlú kankan sí i. Bí ọkọ̀ rélùwéè ṣe yọ, tí èéfín ń tú lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Bàbá dìde pẹ̀lú agbádá funfun rẹ̀, ó lọ dúró síwájú aṣọ.

"Ọ̀fà nìyí o! Táǹkì mi nìyí!"

"Bàbá, ẹ jókòó, a ò rí nǹkan!"

"Kí lẹ tún fẹ́ rí? Èmi ni kí ẹ wò!"

Òun náà ni wọ́n wò lóòótọ́, torí ọkọ̀ ti kúrò lára aṣọ, ara agbádá rẹ̀ ló ń sá lé. Ó gba èjìká òsì wọlé, ó la àyà kọjá, ó sì wọ abẹ́ abíyá ọ̀tún lọ. Ṣubúọlá ìyàwó rẹ̀ fi gèlè bojú. Ó ní bí ilẹ̀ bá lanu, òun á kọ́kọ́ ti ọkọ òun sínú rẹ̀ kí òun tó tẹ̀lé e.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá. Rélùwéè kò dé Osi rí. Ọ̀fà ni ojú irin tó sún mọ́ wọn. Bàbá ní nígbà ọ̀dọ́ òun, nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń jẹ èédú tó ń mu omi, òun lòun ń gun táǹkì láti fún un lómi ní tésàn Ọ̀fà. Ẹ̀gbọ́n Ṣubúọlá ní Ìlọ́fà, Japhet, ní irọ́ ni. Ó ní alárù ni ọkùnrin náà, pé iṣu ló ń rù sínú ọkọ̀, pé ó purọ́ iṣẹ́ ìjọba kí wọ́n lè fún un níyàwó. Nígbàkígbà tí Bàbá bá ń jẹun nílé àna, Japhet á rọra sọ ọ́ pé, "Ẹ má jẹ́ kí òkèlè yẹn wúwo jù o, alárù." Ọ̀rọ̀ náà há Bàbá lọ́fun bí egungun ẹja.

Ìdí nìyẹn tí kò fi sí sinimá tí Bàbá kò ti wá Ọ̀fà. Ní ṣọ́ọ̀bù Misturah tó ń ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò, rélùwéè kan kọjá nínú tẹlifíṣọ̀n. Bàbá na ìka sí i.

"Ọ̀fà nìyẹn."

"Bàbá, yìnyín ló bo ilẹ̀ yẹn."

"Ọ̀fà máa ń tutù nígbà tiwa."

"Òyìnbó ló kún orí ẹṣin ńbẹ̀!"

"Ṣé Ọ̀fà ò lẹ́ṣin ni?"

Misturah sáré pa tẹlifíṣọ̀n, kí Bàbá má baà kó Amẹ́ríkà wọ Kwara tán.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé kò mọ nǹkan o. Ó mọ ilé èédú, ó mọ ilé gíga olójú fèrèsé tí ẹni tó ń fa àmì máa ń jókòó sí, ó mọ ilé ẹlẹ́nu gbàgàdà tí ẹ́ńjìnnì ń sùn sí. Ó ní òrùlé ni kí èèyàn wò. "Èyí tó bá dúdú títí dé òkè ihò èéfín rẹ̀, ẹ́ńjìnnì ló ń gbé e. Èyí tó bá dúdú lápá ẹ̀yìn nìkan, ìyàwó ló ń dáná ńbẹ̀."

Bó bá sì fẹ́ lọ sí Ararọ̀mí-Ọ̀pin, kì í gun ọ̀kadà láìwo ọ̀tún wo òsì, kó sì fi áńkáṣífù aláwọ̀ ewé juwọ́ bí ẹni ń fún rélùwéè lámì.

"Bàbá, ẹ gùn ún jọ̀ọ́," ni Abdulkareem ọlọ́kadà máa ń wí. "Ọ̀nà ti dá."

"Ọkọ̀ tí kò gba àmì, ọ̀run ló ń lọ."

Nígbà tó yá, bí Bàbá bá gbàgbé áńkáṣífù sílé, Abdulkareem fúnra rẹ̀ kì í ṣáná sí alùpùpù.

Bọ́sẹ̀dé ọmọ wọn wálé lọ́dún Àjíǹde. Ó ti gba sinimá ìkórè náà sórí fóònù, ó lè dá a dúró, ó sì lè fa àwòrán rẹ̀ tóbi. Japhet wá kí wọn lọ́jọ́ náà. Bàbá ní kó jókòó ti òun.

"Àna mi, ẹ wò ó. Táǹkì lórí òpó irin. Ilé èédú lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀fà ni."

"Tésàn wo ni kò ní táǹkì?" ni Japhet bi í. "Tésàn wo ni kò jẹ èédú?"

Bàbá tún na ìka sí táǹkì inú fóònù náà, ó tún na án sí ilé èédú. Ṣubúọlá tó dúró lẹ́nu ọ̀nà rí i, inú rẹ̀ sì bàjẹ́, torí ó ti pẹ́ tí òun náà ti ń bi ara rẹ̀ léèrè irú ọkùnrin tí òun fẹ́. Ó ní, "Bọ́sẹ̀dé, fà á tóbi sí i."

Bọ́sẹ̀dé fà á. Páìpù aláwọ ńlá tí wọ́n fi ń bu omi fún ẹ́ńjìnnì sọ̀ kalẹ̀ látara táǹkì, wọ́n sì fi okùn ìko so ó láàárín.

"Ó ń jò nígbà yẹn," ni Bàbá wí jẹ́jẹ́. "Èmi ni mo so ó."

Japhet gba fóònù. Ó gbé e sún mọ́ imú, ó gbé e jìnnà.

"Ta ló so páìpù ìjọba bí iṣu?"

Ẹ gbọ́ o. Bí wọ́n bá ń so iṣu mọ́ igi nínú ọgbà tí wọ́n ń kó o sí lẹ́yìn ìkórè, orí okùn àwọn ènìyàn máa ń wá sísàlẹ̀. Bàbá tó bí Japhet àti Ṣubúọlá nìkan ló máa ń gba orí okùn sókè, pé bí iṣu bá ti ń wúwo ni yóò máa fún ara rẹ̀ mọ́ igi. Kì í kọ́ ará ìta. Àfi ẹni tó bá wá ṣe ọ̀wẹ̀ àna lóko rẹ̀, ìyẹn ẹni tó ń fẹ́ ọmọ rẹ̀. Okùn inú sinimá, orí rẹ̀ wà lókè.

"Ọwọ́ bàbá mi nìyí," ni Japhet wí.

"Ọwọ́ mi ni. Bàbá yín ló kọ́ mi."

Japhet dá fóònù padà fún Bọ́sẹ̀dé. "Alárù kì í gun táǹkì."

"Ẹ wí kí ni?"

"Mo ní alárù kì í gun táǹkì!"

"Ìyá Bọ́sẹ̀dé, ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́."

"Bọ́sẹ̀dé, ṣé fóònù gbọ́?"

Ṣubúọlá wọ ilé ìdáná lọ. Ó gún iyán lọ́jọ́ náà bí ẹni ń gún un fún ọba, ó sì gbé tọkọ rẹ̀ síwájú rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, lójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Bàbá kú nígbà òjò. Lọ́jọ́ ìsìnkú, pásítọ̀ ka ìtàn ayé rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì: àgbẹ̀ rere, bàbá ìjọ, ọkọ aya kan. Japhet dìde pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀.

"Ó ku ọ̀kan, pásítọ̀. Òṣìṣẹ́ rélùwéè."

"A ó fi kún un, Bàbá."

"Ẹ kà á kí etí mi gbọ́."

"Òṣìṣẹ́ rélùwéè," ni pásítọ̀ wí.

"Ní Ọ̀fà."

"Ní Ọ̀fà, Bàbá."

"Lórí táǹkì."

Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì bú sẹ́rìn-ín. Ṣubúọlá náà rín, títí gèlè fi yẹ̀ lórí rẹ̀. Nígbà tí Japhet jókòó tì í, ó fẹ́ dúpẹ́, ṣùgbọ́n Japhet gbọ́wọ́ sókè.

"Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi," ló wí, ó ń fi etí agbádá nu ojú. "Àna mi ni."