Ìbéèrè Tí Wọ́n Ní Kó Béèrè

Ọ̀dọ́bìnrin kan ní àdúgbò wa ní Ìwó wá bá mi nílé ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní ilé-ìwé aládàáni kan ti pe òun fún íńtáfíù iṣẹ́ olùkọ́. Láti bí ọdún méjì tó ti jáde ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, káàdì ìpè ló ń tà lábẹ́ agboòrùn.

"Màmá, wọ́n ní tí wọ́n bá fẹ́ parí, wọ́n á ní ṣé èèyàn ní ìbéèrè. Kí ni kí n sọ?"

Mo ní kó jókòó. Mo ní kó má fi owó oṣù bẹ̀rẹ̀. Kó béèrè bí ọjọ́ kan ṣe máa ń rí fún olùkọ́ níbẹ̀, láti àárọ̀ títí di ìgbà tí wọ́n bá jáde. Kó béèrè ohun tí wọ́n ń retí kí ó ti ṣe kí sáà àkọ́kọ́ tó parí. Lékè gbogbo rẹ̀, kó béèrè ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀ àti ohun tó gbé e kúrò, nítorí àyè kì í ṣàdédé ṣófo.

Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo ti lóyún, Màmá. Kò tíì hàn. Ṣé kí n sọ fún wọn?"

Mo ní kó kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó gbé ẹni tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kúrò ná.

Èmi ni mo kọ́ ọ̀gá tó ni ilé-ìwé náà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Orí rẹ̀ pé nínú ìṣirò, àmọ́ tí ọmọ mìíràn bá ṣì í, òun ló máa ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbàkúùgbà tó bá fẹ́ gba olùkọ́, ó máa ń pè mí kí n wá bá òun jókòó, káwọn òbí lè gbọ́ pé àgbà olùkọ́ wà níbẹ̀. Mo sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé mo mọ ọmọbìnrin yìí. Ó ní, "Màmá mi, ta ni ẹ ò mọ̀ ní Ìwó?"

Lọ́jọ́ íńtáfíù náà, ọmọbìnrin yìí ṣe dáadáa. Ó ká bébà kan sí mẹ́rin, ó sì fi ṣàlàyé ìdá fún wa débi pé ọmọdé á gbọ́ ọ. Ọ̀gá fẹ̀yìn ti àga.

"Ó dáa. Ṣé o ní ìbéèrè?"

Ó béèrè bí ọjọ́ kan ṣe máa ń rí.

"Ìdúró ni," ni ọ̀gá wí. "Kò sí àga olùkọ́ ní kíláàsì tèmi. Ẹni tó bá ti rẹ̀, kó lọ sinmi nílé bàbá ẹ̀."

Igbákejì rẹ̀, ọkùnrin kan tó máa ń rẹ́rìn-ín kí ọ̀rọ̀ tó tán lẹ́nu ọ̀gá, rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin náà wá béèrè ẹni tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ àti ìdí tó fi kúrò.

Ọ̀gá yíjú sí igbákejì. "Ìyẹn ò sí níta ni?"

"Ó wà níbẹ̀, sà. Ó tún ti dé láti àárọ̀."

"Pè é."

Obìnrin kan wọlé, ó pọn ọmọ. Ilé-Ogbó ló ti ń wá, tó ń wá bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gba òun padà. Ó kúnlẹ̀ tọmọtọmọ.

"Olùkọ́ yìí fẹ́ mọ ìdí tó o fi kúrò," ni ọ̀gá wí. "Sọ fún un."

"Mo bímọ ni, sà."

"Irọ́. Sọ ọ́ bó ṣe rí."

Ó wolẹ̀. "Mo tan ọ̀gá jẹ. Mo fi híjáàbù bo oyún títí tó fi di oṣù keje."

"Ẹ gbọ́ o! Aṣọ tí Ọlọ́run ní kó fi bo ara, irọ́ ló fi bò!"

"Àwa rò pé ìrẹsì ló ń jẹ jù ni, sà," ni igbákejì wí.

Mo ní, "Ó tó. Ìbéèrè gidi lọmọ yìí béèrè. Fún un lésì tó yẹ, kó o sì jẹ́ kí ìyá ọmọ dìde."

"Ẹ má bínú, Màmá mi. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa pé abèèrè kì í ṣìnà. Ọ̀nà ni mò ń fi hàn án." Ó yíjú sí ọmọbìnrin náà. "Ó kan èmi náà láti béèrè. Ṣé o lóyún?"

"Rárá, sà."

Ìyá ọmọ gbójú sókè, ó wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ó lóyún, sà. Àwa méjèèjì la jọ jókòó níta. Ńṣe ló ń tutọ́ sínú áńkáṣíìfù." Ó wá fi eékún wọ́ sún mọ́ tábìlì. "Ẹ gbà mí padà, sà. Èmi ti bí tèmi."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Màmá mi, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ṣé òótọ́ ni?"

Mo ní, "Ìbéèrè yẹn kì í ṣe èyí tó yẹ kó o béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

"Ó ti yé mi."

Ó ní kí ọmọbìnrin náà máa lọ. Ó ní kí ìyá ọmọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́la, kó má gbé ọmọ dání o. "Ẹni tó lè tú àṣírí báyìí á wúlò fún mi láàárín àwọn olùkọ́ yòókù."

Obìnrin náà ń dúpẹ́, ọmọ ń ké lẹ́yìn rẹ̀. Mo gbé báàgì mi. Mo sọ fún ọ̀gá pé kó má pè mí mọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa, ó sì ní kí wọ́n bá mi dá kẹ̀kẹ́ dúró.

Mo bá ọmọbìnrin náà lójú ọ̀nà, ó ń fẹsẹ̀ rìn lọ. Mo ní kí kẹ̀kẹ́ dúró, ó wọlé jókòó tì mí.  Ó yíjú sí mi.

"Màmá, ta ló máa gba ọmọ yẹn mú fún un lọ́la?"