Òkú Sẹ̀gilọlá Tí Wọ́n Hú Ní Àrẹ̀mọ

Wọ́n ti pa Sẹ̀gilọlá. Ẹnu ọ̀nà ilé tí òun fúnra rẹ̀ fi ẹsẹ̀ gún amọ̀ rẹ̀ ni wọ́n pa á sí. Akódà kóòtù kan tí ń jẹ́ Sàídì ni ó fi ìdí ìbọn gbá a láyà ní ọ̀sán gangan, níṣojú gbogbo àdúgbò Àrẹ̀mọ. Ìyá arúgbó náà ṣubú lu òpó ilé, orí rẹ̀ là, ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò sì mọ́ bá a láyé. Kò sẹ́ni tó mú Sàídì. Kò sẹ́ni tó bi í ní ohunkóhun. Láìpẹ́ yìí mo rí i ní Ọjà'ba, ó so ọ̀já pupa rẹ̀ mọ́dìí, ó ń jẹ obì, àwọn ènìyàn sì ń kí i.

Mo ti ń gbọ́ ohun tí àwọn kan ń sọ kiri Bẹẹrẹ. Wọ́n ní ẹrú ni ìyá náà, kí a jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà lọ. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹrú tó jẹ́ fún yín, àti irú ilé tí ó kú sí.

Jagunjagun kan tí ń jẹ́ Ọlátúndé ni ó kọ́ ilé náà nígbà tí ogun ṣì gbóná. Ó kó ẹrú bọ̀ láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, Sẹ̀gilọlá àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀ṣúnbùnmi, sì wà lára wọn, okùn kan náà lọ́rùn àwọn méjèèjì. Ọmọdé ni wọ́n. Kò jẹ́ kí wọ́n sinmi ìrìn ọ̀nà kí ó tó kó wọn sídìí amọ̀. Àwọn ni wọ́n ń pọn omi, àwọn ni wọ́n ń gún amọ̀, àwọn ni wọ́n ń rù ú fún àwọn tí ń mọ ògiri. Ibà mú Ọ̀ṣúnbùnmi lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ó ní òun kò lè ru amọ̀ mọ́. Ẹni tí ń ṣọ́ wọn na ọmọ náà títí ohùn rẹ̀ fi pin, ó sì kú síbẹ̀ tòun ti amọ̀ lọ́wọ́. Ọlátúndé ní kí wọ́n sin ín sínú yàrá tí wọ́n ń mọ lọ́wọ́, kí iṣẹ́ má bàa dúró. Iṣẹ́ kò sì dúró. Ilé tí ẹ ń pè ní ilé ọlọ́lá, ẹ ò mọ̀ pé orí òkú ọmọ ni ó dúró lé.

Nígbà tí Sẹ̀gilọlá bàlágà, Ọlátúndé fi í ṣe aya. Ó lù ú bí ó ti ń lu àwọn yòókù. Ó ṣẹ́ ẹ lápá òsì lọ́jọ́ kan nítorí ọbẹ̀, apá náà kò sì nà tán mọ́ títí ó fi kú. Kò bí ọmọ kankan tó yè. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó kú lórí ìkúnlẹ̀, òun ló gba ọmọ tó fi sílẹ̀, tí ń jẹ́ Sàláúdéènì, tó tọ́ ọ. Nígbà tí iná ẹ̀ẹ̀rùn jó Àrẹ̀mọ, tí koríko orí ilé ń já lulẹ̀ pẹ̀lú iná, òun ló wọ inú rẹ̀ lọ gbé ọmọ náà jáde. Àpá iná ọjọ́ náà wà lẹ́yìn rẹ̀. Èmi rí i.

Lẹ́yìn náà, ogun parí, òyìnbó dé, wọ́n sì ní kí ẹni tí wọ́n bá kó lẹ́rú máa lọ sílé. Ọ̀pọ̀ lọ. Sẹ̀gilọlá kò lọ. Mo bi í nígbà kan ìdí rẹ̀, ó wò mí bí ẹni pé mi ò gbọ́n. Ó ní, “Ta ni n ó fi ẹ̀gbọ́n mi tì?” Yàrá tí Ọ̀ṣúnbùnmi wà ni ó ń sùn sí.

Nígbà tí Ọlátúndé kú, Sàláúdéènì fi àkóso ilé náà lé Sẹ̀gilọlá lọ́wọ́. Òfin kan ṣoṣo ni ìyá náà ṣe. Obìnrin yòówù tí wọ́n bá fi kùmọ̀ lé dé ibẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò wọ́ ọ jáde. Ó sọ fún wa pé, “Okùn ni wọ́n fi fà mí wọ ilé yìí. Wọn ò ní fi okùn fa ẹnì kan jáde níbẹ̀ lójú mi.” Kò sí obìnrin tí kò mọ ilẹ̀kùn náà láti Àrẹ̀mọ dé Bẹ́yẹrúnká.

Bẹ́ẹ̀ ni Bertha ṣe mọ̀ ọ́n. Japheth ni ọkọ rẹ̀, oníṣòwò aṣọ ní Gbági, ọ̀kan nínú àwọn tí ń gbé àwo ọrẹ ká nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ó fi ẹ̀ṣẹ́ yọ eyín ìyàwó rẹ̀. Bertha kọ́kọ́ lọ bá àwọn alàgbà ìjọ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu. Wọ́n gbàdúrà fún un, wọ́n ní kí ó padà sílé, kí ó sì máa ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Ẹnu wo? Èyí tí ọkọ rẹ̀ ti fọ́? Ìgbà yẹn ni ó sá lọ bá Sẹ̀gilọlá.

Japheth kò wá fúnra rẹ̀. Ó lọ rí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kóòtù, láìsí ẹjọ́, láìsí ìpè, Sàídì àti ẹnì kejì rẹ̀ sì gbé ìbọn àti okùn dé. Sẹ̀gilọlá jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ní kí ó sún. Ó bèèrè ẹ̀ṣẹ̀ tí Bertha ṣẹ̀. Wọ́n ní kóòtù ló ní kí àwọn mú un wá.

Ó dá wọn lóhùn pé, “Bí kóòtù bá pè é, èmi fúnra mi ni n ó mú un débẹ̀. Ẹ ká okùn yín kúrò níwájú mi.”

Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn nìyẹn kí Sàídì tó gbá a ṣubú. Wọ́n fẹsẹ̀ dá a kọjá níbi tó wà nílẹ̀. Bertha di òpó mú, wọ́n sì fi kùmọ̀ lu ìka rẹ̀ títí ó fi jọ̀wọ́ rẹ̀, wọ́n fà á nírun lọ fún ọkọ rẹ̀.

Sàláúdéènì sin ìyá rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ Ọ̀ṣúnbùnmi, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń bẹ̀bẹ̀ fún láti ọjọ́ pípẹ́. Ìgbà yẹn ni ìjọba wá rántí Sẹ̀gilọlá. Wolé-wolé kó àwọn agbẹ́lẹ̀ dé. Ó ní òfin kò gbà kí a sin òkú sínú ilé mọ́. Òfin tí kò rí ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rí yẹ̀pẹ̀ tútù nínú yàrá! Sàláúdéènì dọ̀bálẹ̀ lé ojú sàréè, wọ́n wọ́ ọ lẹ́sẹ̀, wọ́n lù ú. Wọ́n fi ṣọ́bìrì hú òkú náà, egungun Ọ̀ṣúnbùnmi sì bá a jáde. Ọ̀kan nínú àwọn tí ń gbẹ́lẹ̀ bèèrè ibi tí àwọn yóò kó egungun náà sí. Wolé-wolé ní kí ó kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò kan náà. Wọ́n gbé e lọ. Títí di òní, wọn kò sọ ibi tí wọ́n gbé e lọ fún ọmọ rẹ̀.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú ìlera ìlú. Ṣé òkú tí ń bẹ nínú ilẹ̀ ló ń pa wá, àbí alààyè tó gbé ìbọn? Ẹ ti sọ fún wa pé ayé ogun ti parí. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó na ọmọ pa lẹ́nu iṣẹ́ amọ̀ àti ẹni tó gbá ìyá arúgbó pa lẹ́nu ọ̀nà? Ọlátúndé kò pe tirẹ̀ ní òfin.

Bertha wà nílé Japheth. Àwọn aládùúgbò ń gbọ́ igbe rẹ̀. Kí wọ́n tú u sílẹ̀, kí ẹlòmíràn tó kú. Kí ẹni tó rán Sàídì níṣẹ́ jáde, kí òun àti Sàídì dúró níwájú adájọ́. Kí àwọn alàgbà wa gba àwo ọrẹ lọ́wọ́ Japheth, tàbí kí wọ́n sọ fún ìjọ ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù. Kí wolé-wolé sì tọ́ka sí ibi tó da àwọn ọmọ ìyá méjèèjì sí.

Mo lọ kí Sàláúdéènì. Wọ́n ti pàṣẹ pé kí ó dí ihò inú yàrá náà. Kò dí i. Ó ní kí n kọ ọ́ síwèé pé òun kò ní dí i, pé níhìn-ín ni òun ti ń dúró dè wọ́n, kí wọ́n gbé ìyá òun wá.