Àwo Tí Wọ́n Ń Pa Bí Mo Bá Ń Bọ̀

Ìyàwó mi ló ń kọrin nínú ẹgbẹ́ wa. Èmi ń ta jìtá. Pọ́ńkì là ń ṣe, orin rọ́ọ̀kì tó ń sáré, tó ń pariwo, tí àwọn àgbà ìlú wa, Tchaourou, máa ń sọ pé ó dà bí ẹ̀rọ ìlọta tó fẹ́ bàjẹ́. Mi ò bá wọn jiyàn. Mo ti dàgbà kí n tó wọ ilé-ìwé; àwọn ọmọ kíláàsì mi tí mo jù lọ́jọ́ orí ló kọ́ mi ní jìtá.

Parakou la ti gba ohùn àwo wa tó kẹ́yìn sílẹ̀. Àìsàn ti wọ ìyàwó mi lára. Nínú orin tó parí àwo náà, ó wúkọ́. Ẹni tó ń gba ohùn fẹ́ yọ ikọ́ náà kúrò.

Ìyàwó mi ní, "Fi í sílẹ̀. Èmi náà nìyẹn."

Àwo náà kò tíì pẹ́ jáde tí ìyàwó mi fi kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo ń retí kí n gbọ́ àwo náà nígboro. Lọ́dọ̀ wa, lẹ́nu fóònù àwọn zémi, àwọn tó ń fi alùpùpù gbé èrò, la ti ń mọ orin tí ìlú gbà. Mo máa ń gba iwájú wọn kọjá ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Gbogbo ibẹ̀ a dákẹ́. Wọ́n á kí mi, n á dáhùn, n á máa lọ. Mo gbà pé ohùn rẹ̀ ti bá a wọ ilẹ̀. Mo ti jìtá sẹ́yìn àpò kajú.

Lọ́jọ́ kan mo gba ẹ̀yìn ibi ìkẹ́rùsí yọ sí wọn. Orin wa ni. Ọ̀kan nínú wọn ń bá ohùn ìyàwó mi pariwo kọrin. Àwọn yòókù ń bi í bóyá ewúrẹ́ rẹ̀ ló sọnù. Bí wọ́n ṣe rí mi, wọ́n pa orin náà.

Mo bi ẹni tó ń pariwo pé kí ló dé. Ó wolẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ ìsìnkú làwọn ti fẹnu kò pé àwọn ò ní jẹ́ kí ọlọ́fọ̀ gbọ́ ohùn aya rẹ̀ lójú títì.

"Tonton," ó pè mí bí ọmọdé ṣe ń pe àgbà lọ́dọ̀ wa, "a ò fẹ́ kí ẹ sunkún níwájú èrò."

Mo ní kó gbé mi lọ sílé, lọ́nà Goro, kó sì tan orin náà padà.

Orin tó kẹ́yìn la wà nígbà tí mo rí igi máńgòrò iwájú ilé mi. Ìyàwó mi wúkọ́. A kọjá ilé. Zémi náà kò sọ fún mi pé a ti kọjá. Èmi náà kò sọ fún un kó dúró.