Aago Tí Ilẹ̀kùn Ń Yí

Bàbá mi ni ẹni àkọ́kọ́ tí mo mọ̀ ní Ìkòtún tó ṣe aago tí kì í lo bátìrì, tí ẹnikẹ́ni kì í sì í fọwọ́ yí. Ó so okùn mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún aago ṣe, ó fà á gba abẹ́ àjà lọ sára sìpíríńgì aago ògiri. Bí oníbàárà bá ti ṣílẹ̀kùn, okùn á fà, á sì yí aago. Òun máa ń sọ pé aago ti jẹun. Kó tó ṣe èyí, ó ti ṣe ọ̀kan tó ń tanná fúnra rẹ̀ nígbà sààrì. Ẹ jẹ́ n sòótọ́, ọpọlọ rẹ̀ pé.

Ojú ló dà á. Bí ojú rẹ̀ ṣe ń ṣú, èmi ọmọbìnrin rẹ̀ ló fà jókòó sídìí tábìlì, kí n máa bá a rí ohun tí kò rí mọ́. Yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ló ń gbé, èmi ń ti Ìgándó wá. Àǹtí mi ti bá mi rí iṣẹ́ tíṣà ní Oǹdó, mo wá tọrọ ààyè lọ́wọ́ bàbá mi.

"Ọjọ́ tí aago yìí bá kú," ó ní, "a jẹ́ pé oníbàárà ti tán nìyẹn. Lọ́jọ́ náà, máa lọ."

Mo gbà. Àsìkò yẹn ni aago bátìrì olówó pọ́ọ́kú kún ọjà. Tó bá bàjẹ́, wọn á jù ú nù ni. Àwọn ẹlòmíì ń bẹ Ọlọ́run fún oníbàárà, èmi ń bẹ̀ Ẹ́ kí wọ́n má wá. Tí mo bá gbúròó ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, inú á bí mi ṣá. Nígbà tó yá, kò sẹ́ni tó wá mọ́ rárá. Síbẹ̀ aago ò kú. Ó ń ró kẹ́kẹ́kẹ́ lórí mi bí ẹni ń fi mí ṣẹ̀sín.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bí mo ṣe ń wọlé, mo gbọ́ tí okùn fà lókè orí mi. Mo dúró sójú kan. Èmi tí mò ń wọlé láàárọ̀, tí mò ń jáde lọ ra oúnjẹ ọ̀sán wá fún un, tí mò ń tilẹ̀kùn nírọ̀lẹ́, èmi gan-an ni mò ń bọ́ ọ. Mo wọ gàù.

Mo bi bàbá mi bóyá ó mọ̀.

"Ṣebí èmi ni mo so okùn. Mo mọ̀."

Mo bínú, mo sunkún. Mo ní ó tó gẹ́ẹ́, mò ń lọ sí Oǹdó. Mo gbé báàgì mi, mo ṣílẹ̀kùn. Okùn fà.

"Ó dáa," bàbá mi sọ láti inú ṣọ́ọ̀bù. "Ìyẹn á gbé aago di ọ̀la."

Mo jókòó sí ibùdókọ̀ pẹ̀lú báàgì mi títí oòrùn fi wọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo padà lọ ṣílẹ̀kùn.