Ọjọ́ Tí Ìyá Kóhó Ní Kí Wọ́n Má Sè É Mọ́

Ìyá Kóhó ni gbogbo àdúgbò ń pè é, iṣẹ́ ẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ́fíìsì ìlera ló gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn lé e lọ́wọ́, wọ́n ní kó máa lọ láti òpópónà dé òpópónà, kó máa sọ fáwọn èèyàn pé omi kànga tí wọ́n ń mu kò mọ́, kí wọ́n gbé e kaná, kí wọ́n jẹ́ kó hó dáadáa kí wọ́n tó mu ún. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ lẹ́nu ẹ̀ débi pé bó bá ń kí èèyàn ẹ káàárọ̀ pàápàá, bí ẹni ń kéde ló máa ń rí.

Ṣé wọ́n wá ń gbọ́ ni? Ta ló ń gbọ́! Bó bá ti yọ báyìí, àwọn kan á ti ilẹ̀kùn. Ọkùnrin tó ń lẹ táyà níkòríta á ní bàbá òun mu omi yìí títí ó fi hewú, kò gbé e kaná rí. Àwọn tó jókòó tì í á bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Kóhó náà á rẹ́rìn-ín, á kọjá sí ilé tó kàn. Tó bá jẹ́ èmi ni, mi ò ní purọ́, ǹ bá ti la ẹ̀rọ yẹn mọ́ ẹnì kan lórí.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbọ́ tiẹ̀: obìnrin aránṣọ tí yàrá ẹ̀ kọjú sí tirẹ̀. Aránṣọ yìí pẹ́ kó tó rọ́mọ bí, ọmọbìnrin kan ṣoṣo náà ló sì bí, kò jẹ́ kí ojú òun kúrò lára ẹ̀. Kò sọ́jọ́ kan tí kì í gbé kẹ́tù kaná. Tòun ti áyọ́ọ̀nù eléèédú tó fi ń lọ aṣọ oníbàárà, ooru á gba gbogbo yàrá, òógùn á bò ó, á ní kò sí wàhálà, kọ́mọ òun ṣáà ti máa mu omi tó mọ́. Ọmọ náà wá sọ Ìyá Kóhó di ìyá àgbà ẹ̀ tipátipá. Á mú àrọ tí ìyá ẹ̀ fi ń rọ omi sínú ìgò, á gbé e sẹ́nu, á máa tẹ̀ lé e kiri àgbàlá, á máa ké pé, "Ẹ jẹ́ kó hó!" Ìyá Kóhó kò bímọ. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò, bí ìyẹn ṣe máa ń dùn mọ́ ọn tó.

Ìgbà tó yá, ọ́fíìsì gbé páìpù tuntun wọ àdúgbò, wọ́n ri ẹ̀rọ omi sójúde. Ọ̀gá pe Ìyá Kóhó, ó ní iṣẹ́ ti yí padà, kó lọ sọ fún gbogbo èèyàn pé wọ́n ti yẹ omi yìí wò, ó mọ́ tónítóní, kò nílò iná. Inú ẹ̀ dùn débi pé kò béèrè ohunkóhun. Látọjọ́ tó ti ń fi àìsàn dẹ́rù ba aráyé, ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí wọ́n á fi ọ̀rọ̀ ayọ̀ rán an. Ó sì níwà kan: ohun tó bá ní káwọn èèyàn mu, òun ló máa ń kọ́kọ́ mu ún lójú wọn. Ó dúró nídìí ẹ̀rọ, ó gba omi kún ife, ó dà á sọ́fun, ó na ife òfìfo sókè. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ọkùnrin tó ń lẹ táyà fúnra ẹ̀ pàtẹ́wọ́.

Aránṣọ ò pàtẹ́wọ́ ní tiẹ̀. Ó fa Ìyá Kóhó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n má sè é mọ́ lóòótọ́?"

"Má sè é mọ́, jàre. Sinmi. Ìyà iná yẹn ti tó ẹ."

Bí kẹ́tù ṣe wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì nìyẹn.

Àwọn ará ọ́fíìsì ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé inú gọ́tà ni páìpù náà gbà kọjá, wọn ò sì sọ pé ibì kan ti là lára ẹ̀ níbẹ̀. Bí omi inú páìpù bá ti dáwọ́ dúró, omi gọ́tà á máa ráyè wọlé. Kò pẹ́ tí ìgbẹ́ gbuuru àti èébì fi bẹ̀rẹ̀ láti ilé dé ilé. Ọmọ aránṣọ wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dùbúlẹ̀. Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, ojú ẹ̀ ti jìn wọnú, awọ ara ẹ̀ ti hun jọ. Nọ́ọ̀sì wá iṣan tí wọ́n máa fi fa omi sí i lára títí, kò rí. Ìyá Kóhó di ẹsẹ̀ ọmọ náà mú, ó ń fọwọ́ ra á, bóyá á móoru. Kò móoru. Ọwọ́ wọn ló kú sí.

Ẹ ó ní kì í ṣẹ̀bi ẹ̀, wọ́n rán an níṣẹ́ ni, òun náà ṣáà mu nínú ẹ̀. Ẹ lọ sọ ọ́ fún un, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó máa gbọ́. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni pé gbogbo ìgbà tó ń sọ òótọ́, wọn ò dá a lóhùn. Ìgbà kan ṣoṣo tó sọ ohun tí kì í ṣòótọ́, gbogbo wọn gbà á gbọ́.

Ọ̀gá tún ránṣẹ́ pè é. Kò wojú ẹ̀. Ó ní kó gbé ẹ̀rọ ẹ̀, kó lọ sọ fún wọn kí wọ́n máa se omi títí àwọn á fi tún páìpù ṣe. Ó lọ. "Ẹ jẹ́ kó hó" náà ló ń sọ. Ilẹ̀kùn ń tì lójú ẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ẹnì kan da omi ìfọṣọ láti ojú fèrèsé, ó ta sí i lẹ́sẹ̀, onítọ̀hún ò bẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin tó ń lẹ táyà ò dá àpárá lọ́jọ́ náà, ńṣe ló kẹ̀yìn sí i. Bẹ́ẹ̀ wọ́n ṣì ń pọn omi ẹ̀rọ yẹn, wọ́n ń mu ún bẹ́ẹ̀, wọ́n ní ta ló tún máa gbọ́ tiẹ̀.

Nígbà tó máa fi délé, ilẹ̀kùn aránṣọ ṣí sílẹ̀. Wọ́n ti fi aṣọ bo máṣíìnì. Aránṣọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú sítóòfù, kẹ́tù wà lórí iná, ooru omi ti gba gbogbo yàrá. Àrọ ọmọ náà wà lórí ẹsẹ̀ ẹ̀. Ìyá Kóhó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò lè wọlé, kò sì lè lọ. Aránṣọ ò yíjú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó. Ṣé ó ti hó tó báyìí?"

Ìyá Kóhó sún mọ́ ọn, ó wo inú kẹ́tù. Omi náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán.

"Ó ti hó, àbúrò mi."

Aránṣọ mi orí pé òun ti gbọ́. Ó fa kẹ́ẹ̀gì omi mọ́ra, ó bu omi mìíràn kún kẹ́tù, ó sì jókòó tì í kó hó.